Wákàtí Kan Péré láti Àbújá

Ẹ má bi mí ní iye wákàtí tí bàálù ń lò láti Àbújá dé Àkúrẹ́. Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àkọ́bí ìyá wa, ti fi ọ̀rọ̀ náà kún mi létí. Wákàtí kan péré! Odidi ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ń pè wá lórí fóònù ní Òkìtìpupa nítorí wákàtí kan yìí.

"Kí n tó mu omi inú ike kan tán, a ti balẹ̀," ó wí. "Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ mọ́tò ni ẹ ń jìyà."

Mo ní, "Bọ̀dá mi, láti Àkúrẹ́ dé ọ̀dọ̀ wa ńkọ́? Ṣé orí òrùlé wa ni bàálù máa jù yín sí?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ojú mi ò tíì là. Ṣíọ̀!

Ohun tó ń mú un bọ̀ ni pé wọ́n fẹ́ fi òróró yan Màmá ní Ìyá Àdúrà nínú ìjọ aláṣọ funfun wa. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ ẹni ló máa ń di àmùrè mọ́ni nídìí níwájú pẹpẹ. Àkọ́bí ni Màmá fẹ́. Èmi tí mò ń gun ọ̀kadà wá sílé Màmá láti Oṣòòrò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti fọ aṣọ àdúrà rẹ̀, kò sẹ́ni tó bi mí. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, fóònù dún: "A ti wọ bàálù o!" Màmá sáré bẹ Bàbá Alágbà, olórí ìjọ wa, pé kí wọ́n fún òun ní wákàtí kan sí i. Lójú Màmá, wákàtí kan láti Àbújá dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ó tiẹ̀ ní kí wọ́n ro púpùrù nílé, kó lè bá a ní gbígbóná.

Ẹgbẹ́ akọrin kọrin títí ohùn wọn há. Bàálù ṣì wà nílẹ̀ ní Àbújá. Ó gbéra níkẹyìn, ó balẹ̀ sí Àkúrẹ́. Ó wá ku gáréèjì, níbi tí mọ́tò kì í ti í gbéra àfi tó bá kún. Nígbà tí Bọ̀dá máa fi pè láti Oré, Bàbá Alágbà ti dìde.

"Ìyá, Ọlọ́run kì í dúró de bàálù," ni wọ́n wí.

Bí wọ́n ṣe pè mí nìyẹn. Mo kúnlẹ̀, mo di àmùrè náà mọ́ ìyá mi nídìí. Omijé bọ́ lójú mi, inú mi sì dùn kọjá sísọ. Màmá ń wo ẹnu ọ̀nà.

A ti wà nídìí oúnjẹ nílé nígbà tí ọ̀gá afòlófurufú wọlé, eruku ọ̀nà lára ṣòkòtò. "Wákàtí kan péré la lò lókè!" Ojú ò tiẹ̀ tì í. Gbogbo ilé ń kí i, àfi bíi pé apá ara rẹ̀ ló fi fò. Màmá fi oúnjẹ sílẹ̀. Ó tú àmùrè tí mo dì, ó nà án sí i.

"Ọmọ mi, wá dì í fún mi, ká ya fótò."

Bọ̀dá na fóònù rẹ̀ sí mi. "Àbúrò mi, bá wa yà á." Mo yà á.

Fótò náà wà lára ògiri pálọ̀ báyìí. Bí àlejò bá béèrè, Màmá á ní, "Ọmọ mi ló di àmùrè mi. Ó fò wá láti Àbújá, wákàtí kan péré." Èmi ni mo máa ń gbé omi wá fún àlejò.