Ààwẹ̀ Ọjọ́ Kejì Iléyá

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde lórí fóònù. Ìlọrin ló ń gbé. Ó ní, "Ẹ gbé Ìyá wá sọ́dọ̀ mi. Gbogbo nǹkan ti gbówó lórí, ẹ̀yin náà ń jà raburabu. Tí ẹnu kan bá dín kù nínú ilé, ìtura ni fún yín." Mo wà lẹ́yìnkùlé wa ní Tukur-Tukur ní Zaria, mò ń sá aṣọ. Mo dá a lóhùn pé màá rò ó, ṣùgbọ́n inú ń bí mi. Ẹnu kan! Ìyá tó bí wa ló ń pè ní ẹnu kan.

Nígbà tí mo wọlé, ìyá mi wà lórí ẹní wọn. Wọ́n béèrè ohun tí ẹ̀gbọ́n mi wí. Mo ní ó ń kí wọn, ó sì ní kí wọ́n wá lo ìgbà díẹ̀ lọ́dọ̀ òun.

"Haba! Ìlọrin?" ni wọ́n wí. "Ta ni mo mọ̀ níbẹ̀? Gbogbo àwọn tí mo mọ̀ ti wà nínú sàréè."

Zaria ni wọ́n bí ìyá mi sí, ní Sabon Gari, níbi tí bàbá wọn tó ti Ìlọrin wá ti ń ta obì. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, wọ́n a máa bá àwọn òbí wọn lọ sílé ní Ìlọrin láti ṣọdún, àwọn ọmọ ibẹ̀ a sì máa pè wọ́n ní Gàmbàrí nítorí bí ọ̀rọ̀ ṣe ń jáde lẹ́nu wọn. Wọn ò gbàgbé ẹ̀gàn yẹn títí di òní. Hausa ni wọ́n fi ń bínú, Yorùbá ni wọ́n fi ń tọrọ àforíjì. Látìgbà tí bàbá mi ti kú ni wọ́n ti ń bá wa gbé, gbogbo ojúlé àdúgbò wa ló sì mọ̀ wọ́n. Bí wọ́n bá jáde ra iyọ̀, wákàtí kan ni wọ́n fi ń padà bọ̀ nítorí ìkíni. Ohun tí wọ́n bẹ̀rù jù láyé ni kí wọ́n lọ kú síbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní béèrè wọn bí wọn ò bá jáde láàárọ̀. Mo mọ èyí bí mo ṣe mọ orúkọ ara mi.

Mo pe ọkọ mi nígbà tó dé láti ibi iṣẹ́. Mo ní gbogbo ohun tó bá wù wá la lè yọ kúrò nínú ilé yìí, ṣùgbọ́n a ò ní yọ ìyá mi. Télọ̀ ni ọkọ mi, ènìyàn jẹ́ẹ́jẹ́ tí kì í bá mi jiyàn bó bá ti rí i pé imú mi ń fẹ̀. Ó ní, "Ó dáa. Ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀?"

Ibi gáàsì la ti bẹ̀rẹ̀. Iye tí wọ́n pè é lọ́jọ́ tí mo gbé sìlíńdà lọ rọ, ńṣe ni mo gbé e padà sórí, mo kí ọkùnrin náà pé ó dàbọ̀. Mo gbé e sí kọ̀rọ̀ ilé ìdáná, mo fi aṣọ bò ó, ó di ibi tí à ń gbé àwo ife lé. A bọ́ sórí èédú. Kò pẹ́ tí èédú náà fi gun òkè lọ bá gáàsì. Ìyá mi ló wá rántí ààrò ìyẹ̀fun pákó tí ìyá tiwọn lò ní Sabon Gari. Káfíńtà pọ̀ ládùúgbò wa, ìyẹ̀fun tí ayùn ń tú jáde sì máa ń ga lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wọn débi pé wọ́n a máa bẹ ènìyàn kó wá kó o. Ìyá mi ní kí n wá agolo ọ̀dà ńlá kan, kí n lu ihò sí i nísàlẹ̀, kí n gbé ìgò sí àárín rẹ̀, kí n wá ki ìyẹ̀fun yí ìgò náà ká, kí n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa. Tí mo bá yọ ìgò náà, ihò tó kù láàárín ni iná máa gbà jó.

Ó rọrùn létí. Èmi tí mo jẹ́ tíṣà, mo kó ìyẹ̀fun tí òjò ti pa, mo sì fa ìgò yọ bí ẹni tó ń fa eyín. Ìdajì rẹ̀ ya wọnú ihò. Èéfín tó jáde lé gbogbo wa síta, ẹnì kan sì ń pariwo láti òdìkejì ògiri pé ilé wa ń jó. Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ta ló ń lé ọ?" Àwọn fúnra wọn ló ki ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀wà jinná lórí rẹ̀, iná ṣì kù tá a fi gbé omi ìwẹ̀ kaná.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ. Fìríìjì wa di ibi tí mò ń kó ìwé àwọn ọmọ kíláàsì mi sí, nítorí a ò lè máa bọ́ mítà iná kí a tún bọ́ ọmọ. Ọkọ mi ta jẹnẹrétọ̀ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Hayin Dogo, ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ jáde, ó sì padà sídìí áyọ́ọ̀nù eléèédú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé aṣọ wá fún un kọ́kọ́ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní kí ẹni tí ojú ń tì gbé ṣòkòtò rẹ̀ lọ síbi tí iná wà, wọ́n sì fi aṣọ wọn sílẹ̀ fún un. Èmi ò wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lọ sí ilé ẹ̀kọ́ wa ní Gyellesu mọ́, ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn ín. Ìrẹsì di àlejò ọjọ́ Jímọ̀. Tùwó àgbàdo àti ọbẹ̀ kúkà la wá ń jẹ, ọbẹ̀ tí wọ́n ń fi ewé oṣè gbígbẹ sè, tí kò béèrè tòmátì, tí kò béèrè òróró púpọ̀. Àwọn ọmọ mi a wo àwo, wọ́n a wo ojú mi.

"Mama, tuwo kuma?"

"Tùwó náà ni tún," ni màá dáhùn. "Ẹni tí kò bá fẹ́ kó lọ bá ẹ̀gbọ́n mi ní Ìlọrin." Wọ́n á jẹun. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Nígbà yẹn ni ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í gba ààwẹ̀ ọjọ́ Àtìní àti ọjọ́ Àlàmísì, Ajé àti Ọjọ́bọ̀ lẹ́nu àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí. Ààwẹ̀ náfílà ni, kò pọn dandan, ṣùgbọ́n ẹ̀san wà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa rí àgbàlagbà tó ń gbà á tí kò ní yìn ín. Èmi náà yìn wọ́n. Mo fi wọ́n yangàn fún àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi. Tó bá di Mọ̀gàríbì, wọ́n á fi dàbínù ṣínu, wọ́n á mu kúnú díẹ̀, wọ́n á bu òkèlè bíi mélòó kan, wọ́n á ní ó ti tó, wọ́n á sì ti àwo sọ́dọ̀ àwọn ọmọ. Mo ní ìyá mi ń wá àlùjánńà lójú méjèèjì.

Aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi lára wọn. Ọkọ mi gba bùbá kan, ó kó o sínú kó lè bá wọn mu. Kò pẹ́, ó tún gbà á, ó tún kó o sínú. Lẹ́ẹ̀kejì yẹn, ó mú téèpù dání, ó wò mí títí bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní bóyá ọjọ́ ogbó ni. Mo gbà bẹ́ẹ̀.

Iléyá dé. A ò ra àgbò lọ́dún yẹn. N ò ní parọ́, ó dùn mí, pàápàá nígbà tí àgbò àwọn ará ilé kejì ń ké lójú ọmọ mi. Ṣùgbọ́n àdúgbò wa kì í jẹ ẹran ọdún ní òun nìkan. Ní ọjọ́ kejì, Hajiya tó ń gbé ní ọ̀kánkán wa gbé abọ́ ẹran ràgàjì ránṣẹ́, ó tó ohun tí a lè jẹ títí dọ̀la. Inú mi dùn débi pé mo fi ìrẹsì ro tùwó. Mo se ẹran náà, mo dín díẹ̀ nínú rẹ̀, mo ṣa èyí tó rọ̀ jù sí àwo ìyá mi, mo gbé e lọ bá wọn lórí ẹní. Tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ wọn.

"Pín tèmi fún àwọn ọmọ," ni wọ́n wí. "Àlàmísì ni òní. Mo gba ààwẹ̀."

Mo ní, "Kí Ọlọ́run gbà á, Ìyá." Mo yí padà pẹ̀lú àwo. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná kí ọ̀rọ̀ náà tó wọ̀ mí lórí.

Mùsùlùmí kì í gba ààwẹ̀ lọ́jọ́ Iléyá. Kì í sì í gbà á ní ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, ì báà jẹ́ Àlàmísì. Ọjọ́ jíjẹ àti mímu ni wọ́n, èèwọ̀ ni ààwẹ̀ níbẹ̀. Ta ló kọ́ mi? Ìyá mi ni. Lọ́mọdé, mo fẹ́ ṣe àṣehàn lọ́jọ́ kan bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ki ẹran bọ̀ mí lẹ́nu níwájú gbogbo ẹgbẹ́ mi. Ẹni tó mọ èyí kì í ṣèèṣì gbàgbé rẹ̀ nígbà tí òórùn ẹran ọdún gba gbogbo ilé.

Mo padà. Mo gbé àwo náà kalẹ̀ níwájú wọn.

"Ìyá, ọjọ́ wo ni òní?"

"Mo ní Àlàmísì."

"Ọjọ́ kejì kí ni?"

Ọwọ́ wọn dúró lórí tẹ̀sùbáà. Wọn ò wo ojú mi. "Astagfirullahi," ni wọ́n wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Mo gbàgbé."

"Ẹ ò gbàgbé. Ta lẹ̀ ń gba ààwẹ̀ fún?" Ohùn mi ti gòkè. "Ìkòkò mi lẹ̀ ń gba ààwẹ̀ fún!"

"Rọra. Ohùn rẹ ti dé ojúde." Wọ́n gbé tẹ̀sùbáà sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n rẹ ní ẹnu kan. Fóònù rẹ máa ń pariwo, mo gbọ́ ọ láti inú ilé. Mo wò ó pé bí ẹnu náà bá ń jẹ díẹ̀, kò sẹ́ni tó máa rí ẹ̀sùn kà sí i lẹ́sẹ̀. Mi ò fẹ́ lọ, wallahi. Mi ò fẹ́ lọ kú bí àlejò."

"Gbogbo Àtìní yẹn? Gbogbo Àlàmísì yẹn?"

"Ti Ọlọ́run wà níbẹ̀. Ti ìkòkò náà wà níbẹ̀. Ọlọ́run á bá mi ṣà á."

Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé. Inú bí mi sí wọn, inú bí mi sí ẹ̀gbọ́n mi, inú bí mi sí gbogbo ohun tí wọ́n ń tà lọ́jà. Mo ti ń yọ gáàsì, mo ti ń yọ iná, mo ti ń fi ẹsẹ̀ rìn nínú oòrùn kí n má baà yọ ìyá mi, àwọn náà sì jókòó sórí ẹní, wọ́n ń yọ ara wọn díẹ̀díẹ̀ lójú mi.

Mo nu ojú mi. Mo ní, "Ìyá, ẹ gbọ́. Ààwẹ̀ Ọlọ́run, mi ò lè dá yín dúró. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá tún gba ti ìkòkò nínú ilé yìí, èmi náà á gbà á, ọkọ mi á gbà á, àwọn ọmọ á gbà á. Tó bá jẹ́ òkèlè kọ̀ọ̀kan ló kù, gbogbo wa la máa jẹ ẹ́. Ẹ ò lọ síbì kankan."

"O lágídí," ni wọ́n wí.

"Ẹ̀yin lẹ bí mi."

Mo gbọ́ tí ọkọ mi ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn aṣọ ojú ọ̀nà. Ìyá mi ṣe Bismillahi, wọ́n mú ẹran kan, wọ́n gé e jẹ. Mo jókòó tì wọ́n, mi ò kúrò.

Wọn ò tíì jẹ ẹran kejì tán tí fóònù fi dún. Ẹ̀gbọ́n mi ni, ó fẹ́ kí wa kú ọdún. Lẹ́yìn ìkíni, ó ní òun máa wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ pẹ̀lú ọkọ̀, kí a ti bá Ìyá di ẹrù sílẹ̀.

"Ẹ má wá gbé wọn," ni mo wí. "Ẹ̀gbọ́n mi ni yín, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n epo tí ẹ fẹ́ rọ sí ọkọ̀ wá sí Zaria, ẹ fi owó rẹ̀ ra ìrẹsì àti èlùbọ́, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa. Ìyá yín náà ni."

Kò bínú, mo mọ ohùn rẹ̀ tó bá ń bínú. Ó ní, "Ṣé Ìyá fúnra wọn ló sọ bẹ́ẹ̀? Gbé fóònù fún wọn."

Mo gbé e sí wọn létí, nítorí ọ̀rá wà lọ́wọ́ wọn.

"Ọmọ mi, kú ọdún," ni ìyá mi wí. "Mò ń jẹun lọ́wọ́."

"Ìyá, ṣé ẹ ń bọ̀ ni àbí ẹ ò bọ̀?"

"Mo ní mò ń jẹun."

Wọ́n fi orí ṣe àmì sí mi pé kí n gbé fóònù kúrò. Wọ́n ti àwo wọn sọ́dọ̀ mi, wọ́n ní kí n bu tùwó sí i.