Ọjọ́ Tí Mo Ka Ìtàn Ẹgbẹ́ Wa Lójú Ọ̀gá Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tójú mi rí lórí ìtàn ẹgbẹ́ wa. Ẹgbẹ́ àwa akẹ́kọ̀ọ́ másítàsì tó ń ṣèwádìí nípa àwùjọ ni, níhìn-ín l'Óṣogbo. Èmi ni akọ̀wé.

Prófẹ́sọ̀ tó ń bójú tó iṣẹ́ ìwádìí mi náà ni bàbá ìsàlẹ̀ ẹgbẹ́. Wọ́n ní kí n kọ bí ẹgbẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀, kí n kà á lọ́jọ́ àyájọ́ wa. Wọ́n tiẹ̀ ti sọ èsì ìwádìí fún mi kí n tó bẹ̀rẹ̀: àwọn ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ẹ sì wò ó, síginéṣọ̀ wọn lórí iṣẹ́ ìwádìí mi nìkan ló kù kí n gba másítàsì. Ta ló fẹ́ jiyàn?

Ṣùgbọ́n olùwádìí ni mí, àbí? Mo wọ mọ́tò ní Old Garage, ó di Iléṣà, lọ́dọ̀ Màmá tó jẹ́ akọ̀wé àkọ́kọ́ ẹgbẹ́, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda dà? Mo mú un jáde. Wọ́n fi báírò pupa fagi lé ìbéèrè mi mẹ́ta, wọ́n sì fún mi ní máàkì mẹ́rin nínú mẹ́wàá. Èmi tí mo ti ní dìgírì!

Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó tú àṣírí. Nígbà tí ọ̀gá mi ṣì jẹ́ lẹ́kítọ́rà kékeré, aago mẹ́sàn-án ni wọ́n máa ń dá fún Màmá àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn mẹ́rin mìíràn, àwọn yẹn ò ní rí ọ̀gá títí di ọ̀sán. Orí bẹ́ǹṣì níwájú ọ́fíìsì ni wọ́n máa ń jókòó sí. Lọ́jọ́ kan, gáàdì fẹ́ lé wọn. Màmá ní ìpàdé ẹgbẹ́ làwọn ń ṣe. Gáàdì béèrè orúkọ ẹgbẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ.

Màmá fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. "Má yọ ohunkóhun níbẹ̀ o. Màá wá gbọ́ ọ."

Lọ́jọ́ àyájọ́, wọ́n wá lóòótọ́! Ìjókòó iwájú, báírò pupa lọ́wọ́. Ẹ̀rù bà mí gan-an, mo rí síginéṣọ̀ mi tó ń lọ, síbẹ̀ mo ka gbogbo ẹ̀.

Ọ̀gá mi bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọ́n kọjú sí Màmá.

"Èmi lẹ ń dúró dè? Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni mo máa ń gbà wọlé, kí n má baà da ìpàdé yín rú. Inú ọ́fíìsì ni mo máa ń wà."

Káwọn èèyàn tó rẹ́rìn-ín tán, ọ̀gá mi ti ní kí n wá gba síginéṣọ̀ lọ́jọ́ kejì, aago mẹ́sàn-án.

Ọjọ́ kejì náà la wà yìí, aago kan ọ̀sán ti lù báyìí. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin la wà lórí bẹ́ǹṣì níwájú ọ́fíìsì wọn. Gáàdì ti béèrè ohun tá à ń ṣe, àwọn mẹ́ta yòókù sì ti yàn mí ní akọ̀wé ẹgbẹ́ tuntun.

Ẹ̀kọ́ tèmi rèé: kéèyàn tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, kó kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn. Ẹ̀yin ńkọ́, ta ló ti fi yín sórí ìdúró rí? Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀ kí n kà á fáwọn tá a jọ wà lórí bẹ́ǹṣì. Ẹ jẹ́ kí n sáré lọ wo ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ná.