Omi Tí Kì Í Tán Nínú Ọkọ̀ Gbádégẹṣin

Púlọ́ńbà ni gbogbo Ìbà ń pe Jẹ̀lílì Àkànjí, ọ̀pọ̀ sì rò pé ẹni tó bá ti mọ bí wọ́n ṣe ń so páìpù mọ́ páìpù ti di púlọ́ńbà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń so páìpù kún ìgboro bí eṣú. Iṣẹ́ tí Jẹ̀lílì ń ṣe gan-an ni wíwá ibi tí omi gbà lọ nígbà tí kò bá dé ibi tí wọ́n ti ń retí rẹ̀.

Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí i sí, Ìbàdàn ló ti kọ́ṣẹ́. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì bẹ̀rẹ̀ sí í kún Ìbà, tí onílé kọ̀ọ̀kan ń fi yàrá lé yàrá, ó kó àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ wá síbẹ̀, kò sì padà mọ́. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ti kìlọ̀ fún un pé bí omi bá ń jáde tín-ín-rín, kó má ṣe sáré dá pọ́ǹpù lẹ́bi. Ẹnu ẹ̀rọ ni kó ti bẹ̀rẹ̀, kó máa padà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé ibi tí omi ti ṣẹ̀. Jẹ̀lílì kì í fo ibì kankan. Bí onílé bá ń kán an lójú, a máa ní kí wọ́n lọ wá ìjókòó, nítorí omi kò mọ̀ pé wọ́n ń kánjú.

Ó ní àbúrò kan, Mojí, ọmọ ìyá rẹ̀. Nígbà tí Mojí fẹ́ Gbádégẹṣin ará Abẹ́òkúta, ó bá ọkọ rẹ̀ wọ ìjọ aláṣọ funfun. Jẹ̀lílì, tí kì í pa ìrun kan jẹ, kò bínú. Ohun tó sọ kò ju pé kí wọ́n má ṣe rán sùtánà fún òun lọ́dún iléyá. Gbádégẹṣin ju Jẹ̀lílì lọ dáadáa lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ìyàwó ẹni kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni. Àwọn méjèèjì ń fi ẹ̀yin bá ara wọn sọ̀rọ̀, wọ́n sì ń pe ara wọn ní àna.

Gbádégẹṣin ní ọkọ̀ ojú omi kan, ọkọ̀ irin àtijọ́, tó fi ń kó èrò àti ẹrù láti etí omi Ọ̀jọ́ lọ sí Àgbádárìgì àti àwọn abúlé tó wà lójú ọ̀nà. Inú ọkọ̀ náà ni òun àti Mojí ń gbé. Yàrá kékeré kan wà lẹ́yìn, ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ sì fẹ̀gbẹ́ tì í. Omi tí wọ́n ń mu wà nínú táńkì kan nísàlẹ̀ ọkọ̀. Pọ́ǹpù tó ń lo bátìrì ló ń fà á gòkè, omi náà a gba inú asẹ́ kékeré kan kọjá, kó tó dé ẹnu ẹ̀rọ méjì tó wà lókè.

Níbi omi mímu yìí ni ewu gbà wọlé, kò sì pariwo nígbà tó ń wọlé.

Nínú ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1992, omi tí táńkà ń gbé wá láti Òkòkòmáíkò pọ́n bí omi àgbàrá. Mojí kùn sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ létí. Jẹ̀lílì ní kó máa fi álọ́ọ̀mù sí i. Gbogbo ilé tó wà ládùúgbò ló ń ṣe bẹ́ẹ̀: wọ́n á fi álọ́ọ̀mù rú omi inú dúrọ́ọ̀mù, ìdọ̀tí á rọ̀ sílẹ̀, wọ́n á bu omi tó tòrò lókè, wọ́n á sì da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ nù. Ohun tí Jẹ̀lílì kò rò ni pé kò sí ẹni tí yóò da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ táńkì ọkọ̀ nù. Kò sì rò pé álọ́ọ̀mù a máa mú omi kan, àti pé omi kíkan kì í jẹ́ kí irin sinmi.

Òjò kò tíì pọ̀ tí Mojí fi ránṣẹ́ pè é. Ó ní omi ẹ̀rọ àwọn ti ń kán bí omijé opó. Gbádégẹṣin ti dájọ́ ikú fún pọ́ǹpù kí Jẹ̀lílì tó débẹ̀. Jẹ̀lílì ṣí ẹ̀rọ ilé ìdáná, ó ṣí ti ilé ìwẹ̀, méjèèjì ń ṣe bákan náà. Nítorí náà àrùn náà kì í ṣe ti ẹnu ẹ̀rọ kan. Ó fọwọ́ tọ rọ́bà tí omi ń gbà láti òkè dé ìsàlẹ̀ bóyá ó kákò níbì kan, kò kákò. Ó gbọ́ ohùn pọ́ǹpù: ó ń ké dáadáa, bí ẹni tó ń fa nǹkan tí kò wá. Ó wá tú asẹ́. Nǹkan yọ̀rọ̀yọ̀rọ̀ kan bíi ògì tútù ló kún inú rẹ̀, èèpo irin pupa wẹ́wẹ́ sì wà nínú ògì náà. Ó fọ̀ ọ́, ó dì í padà, omi sì tú jáde débi pé ó ta sí Gbádégẹṣin láyà.

“Àna mi,” ni Jẹ̀lílì wí, “ẹ lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ pọ́ǹpù.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mojí gbé oúnjẹ fún un, ó sì jẹ ẹ́ tán. Kò bi ara rẹ̀ pé níbo ni èèpo irin ti wá, ìyẹn ẹni tí kì í fo ibì kankan.

Nígbà tí òjò kún dáadáa, Mojí tún ránṣẹ́. Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ni. Jẹ̀lílì kírun tán, ó gun ọ̀kadà dé etí omi. Ó bá àbúrò rẹ̀ níbi tó ti ń sá aṣọ funfun sórí okùn ọkọ̀, inú Mojí sì dùn gan-an. Mojí sọ fún un pé omi tún ti fà sẹ́yìn lẹ́nu ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n kó má ṣe ìyọnu púpọ̀, nítorí Ọlọ́run ti ṣe ohun tó ju ìyẹn lọ. Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, òun kò ra omi mọ́. Bó ti wù kí òun lò ó tó, táńkì kì í tán. Òun ti jẹ́rìí rẹ̀ níjọ, òun sì ti bu nínú omi náà fún àwọn aláìsàn mu. Lọ́la, Wòlíì Abọ́lá àti gbogbo ìjọ ń bọ̀ wá wọ ọkọ̀ náà, wọ́n fẹ́ lọ ṣe ìdúpẹ́ ní erékùṣù yanrìn tó wà lódìkejì ọ̀sà.

Jẹ̀lílì ti ń wá omi tó sọnù láti ìgbà èwe rẹ̀. Kò tíì rí èyí tó ń pọ̀ sí i láìsí ẹni tó pọn ọ́n. Ó bọ́ sísàlẹ̀ lọ tú asẹ́. Èèpo irin ti tóbi báyìí. Ọ̀kan fẹ̀ tó èékánná àtàǹpàkò. Ó yí i padà, ó sì rí ọ̀dà dúdú lẹ́yìn rẹ̀. Inú táńkì kò ní ọ̀dà. Ìta ọkọ̀, níbi tó ń kan omi ọ̀sà, nìkan ni wọ́n ń kùn lọ́dà.

Ó pe Gbádégẹṣin, ó sì bi í léèrè ohun tí ìdí táńkì jókòó lé. Gbádégẹṣin ní kò jókòó lé nǹkan kan. Ẹni tó kan ọkọ̀ náà ti lo ọgbọ́n, ó fi iná jó ògiri táńkì mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀ ní tààrà. Ikùn ọkọ̀ náà ni ìdí táńkì.

“Ikùn náà ti lu,” ni Jẹ̀lílì wí.

Gbádégẹṣin ní bó bá lu, kí ló dé tí àwọn kò tíì rì? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń ronú báyìí, wọ́n sì ń ṣìnà. Omi ọ̀sà ti wọ inú táńkì títí òun àti ti ìta fi dọ́gba, ó sì dúró. Ògiri táńkì ló dá a dúró níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọrí táńkì kàn wà lórí rẹ̀ ni, wọn kò dè é. Bí èrò bá kún ọkọ̀, ọkọ̀ á lọ sílẹ̀, omi ìta á ga ju ọmọrí lọ, á sì gbabẹ̀ tú sínú ọkọ̀. Láàárín agbami ni yóò ti ṣe bẹ́ẹ̀. Jẹ̀lílì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ kalẹ̀. Ojú Gbádégẹṣin le.

“Àna mi, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n ohun tí Ọlọ́run ṣe fún wa kò dùn mọ́ yín nítorí kì í ṣe mọ́ṣáláṣí ló ti ṣẹlẹ̀.”

Jẹ̀lílì yíjú sí Mojí, ó ní kó fún òun ní búlúù tó fi ń fọ aṣọ funfun. Ó tú u sínú táńkì, ó fi ọ̀pá rò ó, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tí omi mu ọ̀pá náà dé. Ó ṣí ẹ̀rọ. Omi aró ló jáde. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kó máa dà, kí ẹnikẹ́ni má sì bu omi kankan sí táńkì.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró. Omi náà ń dà. Aró náà ṣí díẹ̀. Ó tún ṣí. Nígbà tó pẹ́, ohun tó ń jáde funfun bí omi òjò. Jẹ̀lílì tún ki ọ̀pá bọ táńkì: omi náà kò kúrò lójú àmì. Mojí bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó tọ́ ọ wò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iyọ̀ ì bá ti tú àṣírí rẹ̀. Ṣùgbọ́n lákòókò òjò, omi odò a máa lé iyọ̀ padà sókun, ọ̀sà Ọ̀jọ́ kì í sì í dùn, kì í korò.

“Ọ̀sà ni mo ń bù fún wọn mu,” ni Mojí wí. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ìró, ó sì tún un nù.

Gbádégẹṣin kò jiyàn mọ́, ṣùgbọ́n kò gbà pẹ̀lú. Ó ní ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu, ìjọ ń bọ̀, òun yóò rọra wà á lẹ́bàá etí omi. Jẹ̀lílì sọ fún un pé irú irin bẹ́ẹ̀ kò mọ ìrọra. Wọ́n kò ríbi parí rẹ̀ sí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Jẹ̀lílì ti padà débẹ̀. Àwọn ọmọ ìjọ ń sọ̀ kalẹ̀ láti ọ̀nà Ìbà àti Òkòkòmáíkò, láìwọ bàtà, àwọn ìyá gbé ọmọ pọ̀n. Ojú sánmà ṣú dùdù. Gbádégẹṣin ti tan ẹ́ńjìnnì, kò sì wojú àna rẹ̀. Mojí nìkan ló dúró lórí pákó tí wọ́n ń gbà wọnú ọkọ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì dí i.

Ó sọ fún wọn pé ẹ̀rí tí òun jẹ́ kì í ṣe òtítọ́. Òun kò purọ́, ṣùgbọ́n òun kò mọ̀ ni. Ihò ló wà nídìí ọkọ̀. Àwọn kan kùn. Obìnrin kan ní Sàtánì ti gba ẹnu rẹ̀. Wòlíì Abọ́lá, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń ta pákó ní Òkòkòmáíkò, wo ọkọ̀ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí ìyá kankan má tẹ pákó yẹn. Kí àwọn ọkùnrin tó mọ omi wẹ̀ wọlé nìkan, kí okùn ọkọ̀ ṣì wà lára igi, kí wọ́n wò ó.

Jẹ̀lílì sọ̀ kalẹ̀ lọ jókòó ti táńkì, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ọmọrí rẹ̀. Ó ń gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn ọkùnrin lórí rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń wọlé. Ọkọ̀ ń lọ sílẹ̀. Etí ọmọrí kọ́kọ́ làágùn. Omi tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ, ó yí ọmọrí ká bí òwú. Lẹ́yìn náà ọmọrí náà gbéra lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, bí ẹni pé ènìyàn kan ń tì í láti ìsàlẹ̀.

“Ẹ sọ̀ kalẹ̀,” ló wí sókè. “Ẹ má sáré. Ẹ sọ̀ kalẹ̀.”

Wọ́n ń sọ̀ nígbà tí nǹkan ya nísàlẹ̀ bí aṣọ gbígbó. Ògiri táńkì ló ya. Omi dé orúnkún Jẹ̀lílì kó tó lè yípadà, Gbádégẹṣin fúnra rẹ̀ ló bẹ́ wọlé, tó gbá a mú lọ́rùn ẹ̀wù, tó wọ́ ọ jáde. Ọkọ̀ náà fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ nínú ẹrẹ̀ etí omi, omi sì mù ún dé ojú fèrèsé. Aṣọ funfun Mojí léfòó jáde láti ilé ìdáná.

Àwọn ọmọ ìjọ kò kọrin. Wọ́n ń gòkè lọ ní méjì-méjì, àwọn ìyá ń fọwọ́ kan ẹsẹ̀ àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn wọn. Gbádégẹṣin jókòó sórí kùkùté igi, ó ń wo ilé rẹ̀. Kò dúpẹ́, Jẹ̀lílì kò sì retí rẹ̀.

Mojí wá jókòó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“Bọ̀dá mi, ká ní omi kò fà sẹ́yìn lẹ́nu ẹ̀rọ, tí n kò sì pè yín ńkọ́?”

Jẹ̀lílì wo àárín ọ̀sà, níbi tí omi ti dúdú, tí òjò ti ń rọ̀ bọ̀ láti ọ̀kánkán, tí ẹsẹ̀ ènìyàn kò lè kanlẹ̀. Ó nawọ́ síbẹ̀.