Òbúkọ Ìkómọ Tí Ọkọ Mi Kánjú Pa

Ọkọ mi kì í tètè jí. Gbogbo àdúgbò wa ní Mówè ló mọ̀ pé tí aago méje àárọ̀ bá lù, oorun ṣì ni ọ̀gbẹ́ni ń sùn. Àfi ọjọ́ tí a fẹ́ sọ ọmọ wa lórúkọ. Kí n tó wẹ ọmọ tán láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ti wọlé tọ̀ mí wá, ọ̀bẹ lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ lára ṣòkòtò, ẹ̀rín lẹ́nu. Ó ní òun ti pa òbúkọ.

Inú mi bàjẹ́ débi pé ńṣe ni mo jókòó sílẹ̀.

Ọdún mẹ́jọ la fi wá ọmọ yẹn. Àlàájà tó ń ta sìmẹ́ńtì, tí ilé wọn kángun sí tiwa, ló bá mi fara dà á. Tí wọ́n bá ti kírun Jímọ̀ dé, wọ́n á dúró lẹ́nu géètì wa, wọ́n á ní àwọn ti dárúkọ mi fún Ọlọ́run. Èmi náà, tí mo bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo máa ń sọ fún wọn pé mo gbàdúrà fún orúnkún tó ń dùn wọ́n. Àlàájà kì í jẹun níta, ṣùgbọ́n wọ́n ti ṣèlérí pé lọ́jọ́ ìkómọ mi, ilé mi làwọn ti máa jẹun yó.

Ìdí nìyẹn tí a fi bẹ Àlàájì, ọkọ wọn, pé tí wọ́n bá kírun àárọ̀ tán, kí wọ́n wá bá wa dúńbú òbúkọ náà. Bí a ṣe ń ṣe é ládùúgbò wa nìyẹn. Kìrìsìtẹ́nì lè ni ẹran, Mùsùlùmí ni yóò fi ọ̀bẹ sí i lọ́rùn, kí gbogbo wa lè jọ jẹ ẹ́. Ọkọ mi mọ̀. Ayọ̀ ló ń pa á bí ọtí.

Àbúrò bàbá ọkọ mi, tí wọ́n ti Ifọ̀ wá, ní kí n fọkàn balẹ̀. Wọ́n ní ẹran tó bá ti wọ ìkòkò, ta ni yóò béèrè ẹni tó pa á? Mo bọ̀wọ̀ fágbà o, ṣùgbọ́n mo là á mọ́lẹ̀ pé n kò ní fi ohun tí èèyàn kì í jẹ tan án jẹ nílé mi, pàápàá ẹni tó bá mi sunkún. Wọ́n ní ìyá ìkókó kì í bínú. Mo ní èmi ń bínú.

Mo tún ìró mi ró, ó di ilé Àlàájà. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á kàn rọra sọ pé ebi ò pa àwọn. Ìyẹn gan-an ni ì bá dùn mí jù. Mo bá Àlàájì níbi tí wọ́n ti ń múra láti máa bọ̀, ọ̀bẹ wọn wà lórí tábìlì. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

Tọkọtaya náà wo ara wọn, àwọn méjèèjì sì bú sẹ́rìn-ín.

“Ẹni tó ti fi ọdún mẹ́jọ dúró de ọmọ,” Àlàájà ní, “ṣé ó tún máa wá dúró de Àlàájì ni? Dìde nílẹ̀ jàre.”

Wọ́n ní ká ní mo dákẹ́ ni, àwọn ì bá má mọ̀. Wọ́n wá gba ẹ̀yìnkùlé lọ, wọ́n mú adìyẹ mẹ́ta. Àlàájì kọjú sí gábàsì, wọ́n ṣe Bísímílà, wọ́n dúńbú wọn. Àlàájà gbé ìkòkò tiwọn wá sí ilé ìdáná mi, wọ́n lé gbogbo ìyàwó ilé kúrò nídìí iná. Nígbà tí pásítọ̀ ń gbàdúrà orúkọ, Àlàájì ló ń ṣe àmín tó lágbára jù, òórùn ọbẹ̀ adìyẹ ò sì jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn ráyè ṣe tiwọn. Bàbá Ifọ̀ bu adìyẹ lẹ́ẹ̀mejì. Mo rí wọn.

Èmi fúnra mi ni mo gbé iyán síwájú Àlàájà. Mo dúró tì wọ́n, mo ń wo ọwọ́ wọn. Wọ́n gé òkèlè, wọ́n fi run ọbẹ̀, wọ́n gbé e sókè, ni wọ́n bá nà án sí èmi.

“Lanu,” wọ́n ní. “O ò tíì jẹun látàárọ̀.”

Òótọ́ ni. Mo lanu. Iyán kún ẹnu mi, omijé ń bọ́ lójú mi, mo sì ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo gbé e mì tán ni wọ́n tó gé tiwọn. Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n ní kí n bu iyán sí i.