Ìjókòó Ìrọ̀lẹ́ Àǹtí Sífáwù

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, iṣẹ́ kan gbé mi dé Ayigya ní Kumasi níbí, níbi tí àwọn ọmọ yunifásítì pọ̀ sí bí eṣú, ni ìtasánsán ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun bá gbà mí nímú. Kofi Brokeman ni wọ́n ń pè é níbí, torí oúnjẹ ẹni tí owó ti tán lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n kà á sí. Mo ra ọ̀kan pẹ̀lú ẹ̀pà, mo sì jókòó sórí bẹ́ńṣì obìnrin tó ń sun ún. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ tirẹ̀ lórí ìdúró, tó ń fi ọwọ́ kejì tẹ fóònù. Ó wò mí títí, ó ní, "Maame, woretwɛn obi?" Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnì kan ni mo ń dúró dè. Mo ní rárá o, mo kàn jókòó ni. Ojú àánú tó fi wò mí, ẹ ì bá rò pé arúgbó tó ti gbàgbé ọ̀nà ilé ni mí. Mi ò bá a wí. Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ èmi náà, ẹ̀ṣẹ̀ ni ìjókòó.

Ẹ̀yin ọmọ tí a bí sí Kumasi lónìí, tí Twi yọ̀ mọ́ yín lẹ́nu ju Yorùbá lọ, ẹ ò lè mọ bí agbo ilé wa ṣe rí. Ìtòsí Asafo ni, ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lójú, tí àwọn yàrá yí àgbàlá ká. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni gbogbo wa, títí kan ẹni tí kò débẹ̀ rí. Kí àkùkọ tó kọ, ìyá mi ti ń to abọ́ tánganran sínú agbọ̀n, ìró rẹ̀ ló sì ń jí wa. Bí ọmọdé bá jókòó lásán, wọ́n á da ìlẹ̀kẹ̀ síwájú rẹ̀ pé kó máa sín in. Bí arúgbó bá jókòó lásán, wọ́n á gbé ọmọ ọwọ́ lé e lẹ́sẹ̀. Ìyá mi fúnra rẹ̀ kì í jẹun parí lórí ìjókòó. Ẹnu ọ̀nà ni òkèlè ìkẹyìn ti ń bá a.

Àǹtí Sífáwù, àbúrò bàbá mi obìnrin, nìkan ni kò rí bẹ́ẹ̀. Dálémosú ni, kò sì bímọ, wọn kì í sì í jẹ́ kó gbàgbé méjèèjì. Ó ní ìsọ̀ kékeré ní ọjà Asafo, níbi tó ti ń ta wọ̀sìwọ̀sì: abẹ́rẹ́, òwú, bọ́tìnì, síípù. Ó mọ ọjà tà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti pe ìrun Alásàrí, ọjà ọjọ́ náà parí nìyẹn. Á wálé, á wẹ̀, á kírun, á fi òrí pa ẹsẹ̀, á gbé àpótí rẹ̀ sábẹ́ igi gúáfà tó wà láàárín àgbàlá, á sì jókòó. Kì í sín ìlẹ̀kẹ̀, kì í ṣa ẹ̀wà, kì í sọ̀rọ̀ ẹni tí kò sí níbẹ̀. Á máa jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun díẹ̀díẹ̀, á máa wo bí oòrùn ṣe ń kúrò lára ògiri. Bí mo bá ń sáré kọjá pẹ̀lú iṣẹ́ tí wọ́n rán mi, á pè mí: "Bra, wá tena ase, wá jókòó. Iṣẹ́ náà ò ní sá lọ." Mo sì ń jókòó tì í. Inú mi máa ń dùn débi pé ẹ̀rù á máa bà mí.

Mo bi í nígbà kan pé ṣé kò wù ú kó kọ́ ilé alájà bíi ti àwọn yòókù. Ó rẹ́rìn-ín. "Bí a gún iyán nínú ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tó máa yó á yó. Me deɛ, ní tèmi, mo ti yó."

Ohun tí àwọn ará ilé ò lè fara dà nìyẹn. Ká ní ó ń jókòó tó ń sunkún ni, wọn ì bá rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Wọ́n sọ ọ́ ní Ìyá Ìjókòó. Wọ́n kọ́ àwọn ọmọdé lórin, àwọn àgbà ló sì ń gbè é: "Ìyá Ìjókòó, dìde o, àpótí ti lẹ̀ mọ́ ọ nídìí!" Ìyá tó bí mi, tí mo fẹ́ràn, tó fi òógùn rẹ̀ rán mi nílé ìwé, dúró lójú gbogbo èèyàn, ó ní ọmọ wá sínú Sífáwù nígbà kan, ó bá ọ̀lẹ níbẹ̀, ó padà. Gbogbo agbo ilé rẹ́rìn-ín, wọ́n ń gbá ara wọn lọ́wọ́. Àǹtí jẹ ẹ̀pà tó wà lẹ́nu rẹ̀ tán, ó ní, "O ṣeun, ìyàwó wa."

Oníbàárà kan ló wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Aránṣọ ni, láti Bantama, ó lọ́mọṣẹ́ púpọ̀, ohun tó fẹ́ rà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kó ìsọ̀ Àǹtí tán. Àmọ́ Àǹtí ti di ẹrù rẹ̀ kó tó dé. "Ɛnnɛ deɛ, mawie. Bra ɔkyena," ni Àǹtí sọ fún un, òun ti parí fún tòní, kó padà wá lọ́la. Obìnrin náà yà sí ìsọ̀ kejì. Kílẹ̀ tó ṣú, kò sí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan ní Kumasi tí kò gbọ́ pé ẹnì kan nínú wa lé oníbàárà padà. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Láàárín wa nígbà náà, ẹni tó jalè lè rí ẹni bá a bẹ̀bẹ̀.

Bàbá mi ni alága ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa. Ní ìpàdé, bàbá kan dìde, ó ní ẹni tí kò lè darí àbúrò rẹ̀, báwo ló ṣe fẹ́ darí ẹgbẹ́? Bàbá mi ò bínú sí onítọ̀hún. Àbúrò rẹ̀ ló bínú sí. Ìyà kan wà tí a fi ń jẹ ọmọ tó bá lágídí: a máa ń dá a padà sílé. Ilé yìí ni Ògbómọ̀ṣọ́, tí Àǹtí, tí wọ́n bí sí Kumasi, kò fojú kàn rí.

"Lọ bá àwọn ẹbí wa," ni bàbá mi wí. "Wọ́n á kọ́ ẹ níṣẹ́."

Àǹtí kúnlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, mepa mo kyɛw, ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe? Mi ò jalè, mi ò tọrọ jẹ. Ẹ jẹ́ n máa jókòó ní tèmi."

Bàbá mi kọjú sí ògiri. Ní ọjọ́ tó ń lọ, àwọn ẹgbẹ́ ṣàdúà fún un bí ẹni tó ń lọ sí Mẹ́kà, ìyá mi sì fún un ní abọ́ tánganran olódòdó, èyí tó dára jù nínú ọjà rẹ̀. Bó ṣe fẹ́ wọ mọ́tò, ó rọra bi mí pé, "Ṣé wọ́n ń sun ọ̀gẹ̀dẹ̀ níbẹ̀?" Mi ò mọ̀. Mo ní wọ́n ń sun ún. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n la àpótí rẹ̀, wọ́n fi dáná.

Mo ti di abiyamọ kí n tó dé Ògbómọ̀ṣọ́. Mo bá a níwájú ilé, ó ń ta iyọ̀, ọṣẹ àti kẹrosíìnì, ó ti gbẹ, ojú rẹ̀ ò sì kúrò lára ọjà. Mo ti ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun ní gárèéjì. Mo jókòó sórí pèpéle, mo na ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i, mo ní, "Àǹtí, ẹ wá tena ase." Ó gbà á, ó jẹ ẹ́ lórí ìdúró, ó ń wọn iyọ̀ fún ọmọ kan bó ṣe ń jẹ ẹ́. Ó wá wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ìwọ ò níṣẹ́ ni?" ló wí. "Dìde níbẹ̀, oníbàárà fẹ́ kọjá."

Àwọn ẹbí ń yọ̀. Ìyàwó ilé kan sọ fún mi pé, "Ẹ̀yin ará Gánà lẹ bà á jẹ́. Ìyà díẹ̀ la fi tún un ṣe." Ẹkún gbọ̀n mí lọ́jọ́ náà, mo lọ sun ún lẹ́yìn ilé, níbi tí wọn ò ti ní rò pé iṣẹ́ ni mo ń sá fún.

Nígbà tí mo padà dé Kumasi, bàbá mi, tó ti darúgbó, bi mí léèrè rẹ̀. Mo ní ó ń ṣiṣẹ́ láti ìdájí di alẹ́. Ó ní, "Alihamudulilai." Oorun tó sùn lọ́jọ́ náà, kò sun irú rẹ̀ rí. Àǹtí kú sídìí ọjà náà lẹ́yìn ọdún díẹ̀.

Nǹkan ti yí padà. Ẹ̀yin ọmọ wa, kò sẹ́ni tó tún lè dá yín padà sílé. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń sá kiri ayé. Agbo ilé náà ti di ilé alájà, ìsọ̀ sì ni gbogbo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń pe ìrun Alásàrí, oòrùn sì ṣì ń rọra kúrò lára ògiri bíi ti àná. Èmi náà máa ń gbìyànjú láti jókòó ní àkókò yẹn, ara mi kì í sì í gbà fún mi. Etí mi á wà ní ìsọ̀, ẹsẹ̀ mi á ti máa wá bàtà. Mi ò rẹ́ni bi bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n ṣe nínú ìdílé wa, àwa la sì fìyà jẹ ẹ́ títí ó fi gbàgbé.