Ẹ̀wà Tí Kòkòrò Kì Í Jẹ

Láyé ìjọba ológun, nígbà tí tolówó tòtòṣì ń pe ara wọn ní kamaráàdì, kò sí ẹni tó ń fi ẹ̀wà ṣe fáàrí ní abúlé Besé tó Ìlọ̀rí. Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí, kòkòrò á ti sọ ẹ̀wà àwọn ará yòókù di ìyẹ̀fun. Tiẹ̀ á ṣì máa dán. Bí àwọn obìnrin bá bi í léèrè, á na ọwọ́ méjèèjì sí wọn, á ní: “Ọwọ́ yìí náà ni. Ẹ ò ní irú ẹ̀.”

Irọ́ ni. Oògùn òwú ni, oògùn apakòkòrò tí òṣìṣẹ́ ìjọba ń pín fún àwọn àgbẹ̀ pé kí wọ́n fín sóko òwú. Lọ́jọ́ tí òṣìṣẹ́ náà wá kìlọ̀ pé májèlé ni, pé kò gbọdọ̀ kan oúnjẹ, Faransé ló sọ. Ìlọ̀rí tó lọ sílé ẹ̀kọ́ díẹ̀ ló ń túmọ̀ rẹ̀ fún ará abúlé, ó tiẹ̀ ń pariwo mọ́ àwọn tó wà lẹ́yìn kí wọ́n lè gbọ́ dáadáa. Ó délé tán, ó bu oògùn náà sínú ẹ̀wà. Lójú tirẹ̀, àwọn tí kò lóye ni ìkìlọ̀ wà fún.

Lọ́dún kejì, adìẹ rẹ̀ ṣa èyí tó dà sílẹ̀ jẹ, mọ́kànlá kú kí oòrùn tó kàn àtàrí. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé àrùn adìẹ ló dé, ó kó wọn dà sígbó. Nígbà tó padà lọ wò, igún méjì ti kú sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ìyẹ́ wọn nà sílẹ̀. Ẹ̀rù bà á. Ó sin gbogbo wọn, ó pa ẹnu mọ́. Látọjọ́ náà, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni wọ́n ń fọ ẹ̀wà nílé rẹ̀. Ó ní iyanrìn ló pọ̀ nínú rẹ̀.

Àbúrò rẹ̀, Wàsílátù, tó wà nílé ọkọ ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní kó fi ẹ̀wà ránṣẹ́. Ìlọ̀rí gbé àpò kan sínú ọkọ̀. Ó yẹ kó sọ pé kí wọ́n fọ̀ ọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n àwọn èrò ọkọ̀ ń yin ẹ̀wà náà, ó sì tijú. Ọkọ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n wá pè é. Ó bá Wàsílátù àti ọmọ rẹ̀ Àwáwù nílé ìwòsàn, wọ́n ń bì, itọ́ ń ṣàn lẹ́nu wọn, ara wọn ń gbọ̀n. Félix, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú wọn, ń béèrè ohun tí wọ́n jẹ. Ìyá ọkọ Wàsílátù ni gbogbo ojú ń wò, torí òun ló se oúnjẹ, òun fúnra rẹ̀ kò sì jẹ níbẹ̀. Ẹnì kan ti ń pè é ní àjẹ́.

“Ẹ̀wà ẹ̀gbọ́n mi la jẹ,” Wàsílátù fi ipá sọ ọ́, “ẹ̀wà tiwọn ò lè ṣe nǹkan kan.”

Bí Ìlọ̀rí bá sọ̀rọ̀, ó tẹ́ nìyẹn. Ìtìjú náà wúwo débi pé ó jẹ́ kí wọ́n tún bú arúgbó náà lẹ́ẹ̀mejì sí i. Ìgbà tí ojú Àwáwù yí ló tó la ẹnu.

“Mo fi oògùn òwú sí i. Mo mọ̀ pé májèlé ni.”

Félix ò bú u. Ó sáré lọ mú abẹ́rẹ́ tó yẹ, nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ìyá àtọmọ ti ń mí dáadáa. Ìlọ̀rí ń retí èébú. Èébú ì bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ìyá ọkọ Wàsílátù ló dìde wá bá a. Ìyá náà kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, tòun ti ewú orí rẹ̀.

“Ẹ ṣeun, àna mi. Ẹ gbà mí lọ́wọ́ orúkọ burúkú.”

Ìlọ̀rí bẹ̀ ẹ́ pé kó dìde. Ìyá ò gbọ́. Ó ń ṣàdúrà fún un, níṣojú gbogbo èrò.