Ọ̀rọ̀ Kékeré Kan àti Òwú Tí Bàbá Mi Tú

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo agbo ilé wa ní Ìsẹ́yìn ń pè ní Ìyá Àgbà, ni ẹni tó kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí láyé. Àwọn àbúrò mi ní kí n jẹ́ kí òkú sinmi. Wọn kò tíì dáyé nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, nítorí náà n kò bi wọ́n léèrè.

Ìyá mi kú kí n tó mọ̀ ọ́n. Ìyá Àgbà kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílé ọkọ ní Ìlúà, níbi tí kò ti bímọ, ó padà sílé bàbá rẹ̀ láti wá tọ́ mi. Ó sì tọ́ mi dáadáa. Ẹ̀kọ gbígbóná láàárọ̀, aṣọ mímọ́, irun dídì, kò sí èyí tí mo wá tì. Mo sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà pè mí ní aláìmoore. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe fún mi lọ́jọ́ tí àlejò wá sí ilé ìwé wa, inú ṣì ń bí mi sí i.

Kò pẹ́ tí àwọn onígbàgbọ́ dá ilé ìwé náà sílẹ̀, ilé amọ̀ tí wọ́n fi koríko bò lórí. Ìmàle ni àwa, iṣẹ́ òfì sì ni bàbá mi ń ṣe. Nígbà náà, wọ́n ti ń fi ìwé pe èèyàn sí kóòtù, kò sì sí ẹni tó lè kà á nínú agbo ilé wa. Bàbá mi fẹ́ kí ọmọ kan mọ̀ ọ́n kà. Gbogbo ọmọkùnrin ilé ló wà nídìí òfì, èmi nìkan ni wọ́n lè yọ̀ǹda láìsí pé iṣẹ́ dúró. Bí mo ṣe dé ilé ìwé nìyẹn. Títí di òní ni mò ń dúpẹ́ pé n kò wúlò fún wọn.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, get, ni tíṣà fi ń yọ wá lẹ́nu. Ó ní òyìnbó kò lè sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ di ọ̀sán láìlò ó. Bó bá dìde lórí ibùsùn, get ni. Bó bá lọ bu omi, bó bá wọlé, bó bá ṣàìsàn, bí ara rẹ̀ bá yá, bó bá bínú, bó bá gbéyàwó, bó bá dé ibi tó ń lọ, get náà ni. Tíṣà á pàṣẹ, àwa á sì ṣe é. “Get up.” A ó dìde. “Get in.” A ó rọ́ wọlé. “Get old.” A ó tẹ̀, a ó máa wúkọ́.

Nílé, mo máa ń ka gbogbo rẹ̀ sókè bí èmi àti Ìyá Àgbà bá jókòó tí à ń rànwú.

“Kí ni wọ́n ń pe kéèyàn bu omi?” òun ló ń bi mí.

“Get water, Ìyá.”

“Kéèyàn lọ́kọ ńkọ́?”

“Get married.”

“Kéèyàn ṣàìsàn?”

“Get sick.”

Ó rẹ́rìn-ín títí òwú fi já lọ́wọ́ rẹ̀. “Ọ̀kan náà ni wọ́n ń pe ọkọ àti àìsàn. Àwọn òyìnbó yìí ti dé ilé ọkọ mi rí.”

Lẹ́yìn náà ni tíṣà sọ fún wa pé òyìnbó tó ń bójú tó àwọn ilé ìwé ń bọ̀ láti Ọ̀yọ́, yóò sì yan ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí yóò lọ kàwé sí i ní Ìbàdàn. Ẹni tí kò bá sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Bàbá mi ní bí wọ́n bá yàn mí, kí n máa lọ.

Nígbà tí ọjọ́ pé, ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí Ìyá Àgbà fi jí mi, ó ní kí n wá ta òwú aṣọ ẹtù bàbá mi. Bí a ṣe ń ta òwú ni pé a ó kan èèkàn mọ́lẹ̀ káàkiri àgbàlá, a ó máa fa òwú lọ, a ó máa fà á bọ̀ láàárín wọn, títí yóò fi tó aṣọ. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni yóò parí rẹ̀. Ọwọ́ ẹnìkan le, ọwọ́ ẹlòmíràn dẹ̀. Bí ọwọ́ méjì bá ta òwú kan, apá kan á le, apá kejì á dẹ̀, aṣọ náà á sì sunkì. Kò sí ọmọ ilé wa tí kò mọ èyí. Ìyá Àgbà mọ̀ ọ́n jù mí lọ.

“Ìyá, òní ni àlejò ilé ìwé ń bọ̀.”

“Mo gbọ́. Bó bá bi ọ́, sọ fún un pé ò ń get òwú.”

Mo bẹ̀rẹ̀. Ta ni yóò sọ pé rárá? Mò ń rìn lọ, mò ń rìn bọ̀, omijé ń bọ́ sára òwú. Oòrùn yọ. Mo gbọ́ irin tí wọ́n ń lù nílé ìwé, mi ò sì lè fi òwú sílẹ̀, nítorí aṣọ bàbá mi ni yóò bàjẹ́.

Ibẹ̀ ni bàbá mi ti ìdí òfì dé bá mi.

“Ta ló ní kí o ta òwú lónìí?”

Ìyá Àgbà ló dáhùn láti inú yàrá. “Èmi ni. Ó ti dé ìdajì, àfi kó parí ẹ̀.”

Bàbá mi kì í sọ òwú nù. Èyí tí kò gùn ju ìka lọ pàápàá, á so ó mọ́ òmíràn. Ó dúró, ó wo òwú náà títí. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀, ó ń fa èèkàn tu lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo iṣẹ́ àárọ̀ mi sì wó lulẹ̀, ó lọ́ mọ́ra.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú,” ó ní. “Ọwọ́ ara mi ni n ó fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.” Ó wá yíjú sí mi. “Lọ fọ ẹsẹ̀ rẹ. Máa lọ.”

Bàbá mi kò fẹ́ràn kí wọ́n máa dúpẹ́ lọ́wọ́ òun. Mo ti ń dúpẹ́ náà láti ọjọ́ yẹn, mi ò sì tíì ṣe tán.

Nígbà tí mo dé ilé ìwé, òyìnbó ti ń wá fìlà rẹ̀ láti máa lọ. Tíṣà, tí mo ti ń pọn omi fún láti ìgbà tó dé ìlú wa, ti sọ fún un pé ìwé ti sú mi. Mi ò tíì gbàgbé ìyẹn náà. Mo dúró síwájú wọn, mo bẹ̀rẹ̀ láti orí get up, mi ò sì dúró títí òyìnbó fi gbé ọwọ́ sókè, tó ń rẹ́rìn-ín. Èmi ló yàn.

Ìyá Àgbà kò jáde wá kí mi lọ́jọ́ tí mò ń lọ sí Ìbàdàn. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá. Mo di tíṣà, mo máa ń ra aṣọ àti ọṣẹ wá fún un, a kì í sì í mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí ojú rẹ̀ kò ríran mọ́, mo jókòó tì í ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo bi í pé, “Ìyá, kí ni mo ṣe fún yín tí ẹ fi fẹ́ dí ọ̀nà mi?”

Ó wá ọwọ́ mi títí ó fi rí i. “O ò ṣe nǹkan kan,” ó ní. “Bàbá rẹ kì í kúrò nídìí òfì. Àwọn ìyàwó ilé, bí wọ́n bá ti kúnlẹ̀ kí mi tán, ó parí. Ìwọ nìkan lo máa ń bá mi sọ̀rọ̀. Mo kàn fẹ́ kí òyìnbó yẹn ti lọ kí o tó ṣe tán.”